Bẹ́ ẹ ṣe máa ran ajá tẹ́rù ń bà lọ́wọ́ kó yéé tọ̀ sínú ilé

Ẹ kọ́kọ́ gbé pàṣán yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ẹ ti jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, ẹ wọ BRT lọ sí Mile 12, ẹ tún kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ wá sí Ìkòròdú, ẹ wá ṣílẹ̀kùn pé kẹ́ ẹ sinmi, òórùn ìtọ̀ ló pàdé yín, ajá sì ti ká jọ sẹ́yìn àga, ó tẹ etí mọ́lẹ̀, ó ń wò yín lábẹ́ ojú. Ojú tó ń ṣe yẹn ló máa ń mú káwọn èèyàn wa sọ pé "ó mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀, ó kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni". Rárá o. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Alexandra Horowitz, ní Barnard College nílùú New York, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2009. Ó ní káwọn tó lájá kìlọ̀ fún ajá wọn pé kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ kan, kí wọ́n wá jáde, tí wọ́n bá padà wọlé, wọ́n á sọ fáwọn kan pé ajá wọn ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹ́. Ajá tí wọ́n bá jágbe mọ́ ló ń ṣojú ẹlẹ́ṣẹ̀, ì báà jẹ oúnjẹ yẹn, ì báà má jẹ ẹ́, kódà èyí tí ò jẹ nǹkan kan tí wọ́n wá bá wí ló ń ṣe é jù. Ìyẹn ni pé ojú yín tó le yẹn ló ń já a láyà, ìtọ̀ tó ti tọ̀ látàárọ̀ ò tiẹ̀ sí lọ́kàn ẹ̀ mọ́.

Ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú ni pé ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ń pè ní ọ̀bùn ládùúgbò wa, ẹ̀rù ló ń mú wọn tọ̀. Ẹ wá na ajá tẹ́rù ń bà, ẹ̀rù á pọ̀ sí i, ìtọ̀ náà á pọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń ti imú ajá bọ inú ìtọ̀, àwọn míì á fi ata sí i nímú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ajá máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé téèyàn bá ti wà nítòsí, òun ò gbọdọ̀ tọ̀. Ẹ ó wá mú un jáde, ẹ dúró tì í níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ní tọ̀, ẹ mú un wọlé tán, ẹ kàn yíjú báyìí, ó ti lọ tọ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó ní olóríkunkun ni. Kì í ṣe oríkunkun, ó ń sá fún yín ni. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko, ọ̀rọ̀ ajá gan-an nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fo ibí yìí rárá. Ajá tó mọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri, àìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò àrùn lè ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń tiraka, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde. Tó bá ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Èyí tó ti darúgbó lè má lágbára láti dá ìtọ̀ dúró mọ́. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ló ń dà á láàmú, aràn ńkọ́? Tó bá wá jẹ́ ọmọ ajá ló ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn burúkú, tó ń bì, tí ò jẹun, ẹ má wulẹ̀ ka èyí tán, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, párófò lè ni, ìyẹn àrùn kan tó máa ń pa ọmọ ajá, párófò kì í sì í fúnni láyè. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lọ́hùn-ún, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí kò bá tíì gbà á, torí ajá tẹ́rù ń bà ló tètè ń gé èèyàn jẹ.

Tí dókítà bá ti ní ara ẹ̀ le, ẹ wá wo irú ẹ̀rù tó ń bà á, torí wọn ò jọra. Ẹ máa wo ìgbà tó ń tọ̀ àti ibi tó ń tọ̀ sí. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti wọlé tẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kàn án, tàbí tí àlejò bá tọ̀ ọ́ lọ tààrà, ló ń dọ̀bálẹ̀ tí ìtọ̀ ń dà lára ẹ̀, ó ń bẹ̀ yín ni, ó ń sọ pé òun ò bá yín jà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì jáde tó ìdajì wákàtí tó ti tọ̀, tó ń hu, tó ń ha ilẹ̀kùn, tí itọ́ ń da lẹ́nu ẹ̀, kò lè dá wà nílé nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ wá fóònù àtijọ́ kan, ẹ gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tan fídíò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Tó bá jẹ́ ìgbà tí àrá bá sán tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá dún ni, ẹ ti mọ ohun tó ń lé e. Akọ tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tó ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sára ògiri àti ẹsẹ̀ àga, ó ń fi sààmì pé ibẹ̀ jẹ́ tòun ni, tí dókítà bá tẹ irú ẹ̀ lọ́dàá ó sábà máa ń dín kù, àmọ́ ìtẹ̀lọ́dàá ò wo ẹ̀rù sàn o, kí wọ́n má tàn yín. Àwọn kan sì wà tí ẹ̀rù kankan ò bà wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn rí ni.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ibì kan náà la ti máa bẹ̀rẹ̀: kó ní ibi kan tó lè tọ̀ sí níta láìfòyà. Ẹ yan kọ̀nà kan nínú ọgbà, ibi tó dákẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ géètì tí ọ̀kadà ń gbà kọjá wìì wìì. Ilé púpọ̀ ní Ìkòròdú ló ní kànga, ẹ jìnnà sí kànga o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àtàwọn ẹlòmíì lẹ jọ ń gbé kọ́mpáùndù, ẹ má yan ibi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá, ìyẹn á dá ìjà tí ò yẹ kó wáyé sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò, ajá yẹn ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Ẹ máa fi nylon kó ìgbẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú, torí aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ọmọ tí ò wọ bàtà lára.

Nǹkan kan wà táwọn èèyàn kì í kíyè sí níbí. Ohun tí ajá ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń tọ̀ ní kékeré, òun ló mọ̀ sí ilé ìtọ̀. Èyí tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ajá tà, nínú kéèjì onísìmẹ́ńtì ni wọ́n ti tọ́ ọ, táìsì pálọ̀ yín ò sì yàtọ̀ sí sìmẹ́ńtì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ wá gbé e sórí koríko, ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ojú yín, kò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Irú ẹ̀, ibi tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí níta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bu yanrìn díẹ̀ lé e, ẹ máa fi kún un bí ọjọ́ ṣe ń lọ títí táá fi jẹ́ yanrìn lásán. Ẹ tún lè fi àkísà nu ìtọ̀ ẹ̀ tó tọ̀ sínú ilé, kẹ́ ẹ lọ fi àkísà yẹn sí kọ̀nà tẹ́ ẹ yàn, tó bá ti gbóòórùn ara ẹ̀ níbẹ̀ ó máa yé e.

Ẹ máa mú un jáde bó bá ti jí, lẹ́yìn oúnjẹ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, tó bá ṣeré tán, àti kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fún un lóúnjẹ lákòókò kan náà lójoojúmọ́, torí ẹnu tó bá ń jẹun nígbàkigbà, ìdí ẹ̀ á máa ṣu nígbàkigbà. Tẹ́ ẹ bá ní kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan lára ògiri, ẹ máa kọ àkókò tó jẹun, tó tọ̀, tó ṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa mọ àkókò ẹ̀ kó tó di pé ó ṣe é. Ọmọ ajá, ẹ ka oṣù tó ti lò láyé, ẹ fi wákàtí kan kún un, ìyẹn ni iye wákàtí tó lè fi dá ìtọ̀ dúró, tó túmọ̀ sí pé olóṣù méjì ò lè ju wákàtí mẹ́ta lọ. Àgbà ajá náà, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lójúmọ́mọ́.

Ibẹ̀ sì ni wàhálà wa ní Ìkòròdú wà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákodò lọ sí Island, ó lè jáde láago márùn-ún kó má wọlé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí ajá tó lè dá ìtọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an ò lè ṣe é. Ẹ wá ọmọ aládùúgbò tó ti ń dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án, ẹ fún un ní nǹkan kékeré lóṣù, kó máa wá ṣílẹ̀kùn fún un, àmọ́ kó jẹ́ ọmọ tí ajá yẹn mọ̀ tó sì fẹ́ràn. Tí kò bá sí, ẹ bu yanrìn sínú ọpọ́n fífẹ̀ kan tí etí ẹ̀ ò ga, ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé tàbí bàkónì, ẹ kọ́ ọ láti máa tọ̀ síbẹ̀. Ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ máa bínú sí i lójoojúmọ́ lórí ohun tí ara ẹ̀ ò lè ṣe. Ẹ má so ó mọ́ ṣéènì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ o, ẹ̀rù ẹ̀ á kàn máa le sí i ni.

Tó bá tọ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ sanwó fún un lójú ẹsẹ̀. Owó ajá ni ẹran. Ẹ̀dọ̀ sísè tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, gísáàdì, ẹyin sísè, panla tẹ́ ẹ ti yọ eegun ẹ̀, èyíkéyìí tó bá fẹ́ràn jù, kó má ju orí ìka kékeré lọ, kó má sì ní àlùbọ́sà tàbí ááyù nínú torí àwọn méjèèjì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ata àti Maggi náà ò sí níbẹ̀. Ṣókóléètì, rárá. Kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tó ti tọ̀ tán, kí ẹran ti dé ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ tó fún un, wíwọlé lẹ sanwó fún, kì í ṣe ìtọ̀. Bó ṣe ń tọ̀, ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, "ó yá, tọ̀ ọ́", ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo, bó bá yá, ẹ máa sọ ọ́ lásán ara ẹ̀ á sì dáhùn. Ìyẹn máa gbà yín lọ́jọ́ tí òjò ń bọ̀.

Ajá tí wọ́n ti nà rí nítorí ìtọ̀, kò ní tọ̀ níwájú yín ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ wá okùn gígùn, ẹ jẹ́ kó lọ síwájú yín dáadáa, ẹ kẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ máa wo ọ̀nà ibòmíì, ẹ má pè é, ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó ti tọ̀ tán, ẹ ju ẹran sílẹ̀ nítòsí ẹ̀ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ okùn yẹn á máa kúrú fúnra ẹ̀, torí òun náà á máa sún mọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá sì ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ sínú ilé, ẹ má pariwo, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ fi ohùn dídùn pe orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ jọ máa lọ síta, kó parí ẹ̀ níbẹ̀, kó sì gba ẹran. Èyí tó ti tọ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ nù ún, ó tán.

Ní ti èyí tó ń tọ̀ téèyàn bá kí i. Àǹtí kan wà ní Ìgbógbó tó ń ta ẹja gbígbẹ, ajá ẹ̀ ń jẹ́ Tanímọ̀la, abo ajá ìbílẹ̀ pupa kan báyìí, ọwọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ ló ti gbà á. Mo wà nílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àǹtí wọlé tayọ̀tayọ̀, "Taní! Taní mi!", ó sì tẹ̀ síwájú láti gbá orí ajá mọ́ra, ajá yẹn rọra rẹlẹ̀ títí ikùn ẹ̀ fi kan táìsì, ó ká ìrù sáàárín itan, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lá ètè, ìtọ̀ sì ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀ títí ó fi dé dọ́ọ̀máàtì. Ìfẹ́ ni àǹtí ń fi hàn. Àmọ́ èèyàn gíga tó ń bọ̀ tààrà, tó tẹjú mọ́ ọ, tó tẹ̀ bò ó, tó nawọ́ sí orí ẹ̀, lójú ajá tó ti jìyà, ìhàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá wá bá irú ajá bẹ́ẹ̀ wí pé kí ló dé tó tọ̀, ó ń bá ẹni tó ń tọrọ àforíjì wí nítorí pé ó tọrọ àforíjì.

Ohun tá a ní kí àǹtí máa ṣe ò nira. Kó wọlé láìwo ajá lójú, kó má pe orúkọ ẹ̀, kó ju ẹja díẹ̀ tó ti yọ eegun ẹ̀ sílẹ̀, kó kọjá lọ gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀. Imú ajá á lọ sílẹ̀ láti wá ẹja, ajá tó ń wá oúnjẹ kiri ilẹ̀ ò sì ráyè dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kó jókòó sórí àpótí, kó fẹ̀gbẹ́ sí i, kó máa ṣe ohun tó ń ṣe títí ajá fi máa wá fúnra ẹ̀, kó wá fi ìka họ ọ́ lábẹ́ àgbọ̀n tàbí láyà, kó má fọwọ́ kan orí. Ohùn kó wálẹ̀. Tí ajá bá tún ti fẹ́ rẹlẹ̀, kó dìde kúrò níbẹ̀ láìbínú. Ìgbà tí mo tún lọ síbẹ̀, Tanímọ̀la ló wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ìrù ẹ̀ ń jù, ilẹ̀ sì gbẹ.

Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá, torí ọmọdé ló ń fẹ́ dì mọ́ ajá lọ́rùn. Àlejò náà, ẹ sọ fún un látẹnu géètì pé kó má wò ó. Tó bá ṣeé ṣe, níta ni kẹ́ ẹ ti máa kíra yín, tí ìtọ̀ bá tiẹ̀ jáde, yanrìn á fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá tó ń ṣe é máa ń dàgbà kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan, bí ẹnikẹ́ni ò bá fìyà jẹ wọ́n sí i.

Ariwo ńkọ́? A ò lè mú ariwo kúrò ní Ìkòròdú. Bí wọ́n bá ti mú iná báyìí, I better pass my neighbour mẹ́ta á ti dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ariwo yẹn máa mú oúnjẹ wá. Ẹ mú un lọ síbi tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ dáadáa, yàrá inú lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ti fà á tó dún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́ran wẹ́wẹ́, bí wọ́n bá ti pa á, ẹran tán. Ariwo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹran o, kì í ṣe ẹran ló máa ṣáájú. Tó bá di pé ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wá ń wá yín kiri láti gba nǹkan, ẹ wá lè máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò ni ẹnu ẹ̀: ajá tí ò bá gba ẹran tó fẹ́ràn, ẹ̀rù ti pọ̀ jù fún un, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ máa wo ara ẹ̀ náà, tó bá ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ooru ò mú, tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, ẹ ti sáré jù.

Àrá le ju jẹnẹrétọ̀ lọ torí a ò lè tan án ká pa á. Ẹ wá àrá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí YouTube, ẹ fi ohùn tó lọ sílẹ̀ gan-an lù ú nígbà tó bá ń jẹun lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ máa gbé ohùn ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí òjò oṣù April tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò gidi bá sú, ẹ mú un jáde tọ̀ kí atẹ́gùn tó gbéra, ìgbà yẹn ni "tọ̀ ọ́" yẹn máa wúlò. Ẹ ṣe ibì kan fún un tó lè sá sí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ̀nà yàrá tí ò ní wíńdò, ẹ ta aṣọ bò ó, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ tan rédíò tàbí fáànù tí iná bá wà. Tó bá wá sá tọ̀ yín wá, ẹ gbà á mọ́ra. Àwọn kan ń sọ pé téèyàn bá rẹ ajá lẹ́kún nígbà tẹ́rù ń bà á, ẹ̀rù yẹn á pọ̀ sí i. Irọ́ ni. Ẹ̀rù kì í pọ̀ sí i nítorí pé wọ́n ṣàánú ẹni.

Àìlèdáwà ló máa ń gba sùúrù jù. Ajá tó ní in ti mọ gbogbo àmì tẹ́ ẹ fi ń jáde, bàtà, kọ́kọ́rọ́, báàgì, àyà ẹ̀ á ti máa já kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ káwọn àmì yẹn sú u: ẹ gbé kọ́kọ́rọ́, ẹ padà jókòó. Ẹ wọ bàtà, ẹ lọ pọn omi. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ tì í padà, ẹ ò lọ síbì kankan. Ìgbà tí ò bá gbé orí sókè mọ́ lẹ tó máa bọ́ síta fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, kẹ́ ẹ padà wọlé kẹ́rù tó mú un, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń hu. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nígbà míì kẹ́ ẹ tún dín in kù, kó má lè máa ka àkókò mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe ìdágbére gígùn, ẹ má sì ṣe àjọyọ̀ tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ lè fi bisikíìtì ajá sínú tówẹ́lì àtijọ́, kẹ́ ẹ ká a, kó máa tú u nígbà tẹ́ ẹ bá jáde, àfi tó bá jẹ́ ajá tó ń gbé aṣọ mì. Apá tó le ni pé láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ, kò dáa kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ nìkan ju ibi tí agbára ẹ̀ mọ lọ, torí ọjọ́ kan tó bá fi sunkún láti àárọ̀ di alẹ́ lè ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Ẹ bẹ ìyá àgbà ilé, ẹ bẹ oníṣọ́ọ̀bù iwájú ilé kó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má sì tì í mọ́ kéèjì pé kó lè dúró jẹ́ẹ́, àwọn kan á já eyín, á já èékánná níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú àtijáde.

Fífọ ilẹ̀: ẹ fi àkísà fa ìtọ̀ kúrò, ẹ má kàn nù ún káàkiri. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ po fínígà àti omi ní ìdá kan náà, ẹ dà á síbẹ̀ kó jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún. Wọ́n ń ta oògùn ìfọlẹ̀ tó ní enzyme nínú, ìyẹn èròjà tó ń tú ìtọ̀ palẹ̀, láwọn ṣọ́ọ̀bù ajá, ìyẹn ló dáa jù, tówó bá wà. Kápẹ́ẹ̀tì àti dọ́ọ̀máàtì, ẹ sá wọn sóòrùn. Ẹ ṣọ́ra fún Hypo àti Jik gan-an o. Ìtọ̀ àti bleach tó bá pàdé máa ń yọ èéfín tó ń ta ojú àti àyà, tẹ́ ẹ bá sì po bleach mọ́ fínígà, gáàsì olóró ló ń jáde níbẹ̀, ní yàrá tí wíńdò ẹ̀ wà ní títì ó lè ṣèèyàn léṣe. Izal náà kì í ṣe ohun tó yẹ kí ajá máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kó wá lá ẹsẹ̀ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ̀rù ẹ̀ ò sì dín kù, tó jẹ́ pé kò lè jẹun, kò lè sùn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè nípa oògùn. Oògùn kì í ṣe ìtìjú. Fluoxetine wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2007 fún ajá tí ò lè dá wà nílé, clomipramine náà wà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Dókítà ló máa wọn ìwọ̀n ẹ̀, ẹ má ra oògùn oorun èèyàn ní kẹ́míìsì fún un, ẹ má fún un lọ́tí, ibuprofen sì lè pa á.

Ó máa ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ó tún máa tọ̀ sílé lọ́jọ́ kan, pàápàá tẹ́ ẹ bá kó lọ ilé tuntun tàbí tẹ́ ẹ bímọ. Ẹ padà sí ibi tó ti ń ṣe é dáadáa kẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Oṣù December ni kẹ́ ẹ múra fún jù, nítorí bángà. Ẹ mú un jáde tọ̀ kílẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ ti géètì, kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́mbà fóònù yín mọ́ bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, torí ajá tí bángà bá lé gba ojú géètì jáde lè sá títí kó má mọ ọ̀nà ilé mọ́.